Àdúrà Aránbàtà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Bàbá wa ti fúyẹ́? Ikọ́ mi ti lọ. Aránbàtà ìsàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé nìkan ló ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ ní ìlú àjèjì yìí.

Mo ṣàkíyèsí pé ẹnu rẹ̀ máa ń mì tó bá ń kan ìṣó. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun ń gbàdúrà fún ẹni tó ni bàtà ni.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ wọn ni mo mọ̀. Wo gìgísẹ̀ bàtà yìí bó ṣe jẹ. Ẹni yìí kì í jókòó. Tìẹ ò tiẹ̀ jẹ rárá. Ṣé o kì í jáde ni?"

Ojú tì mí. Lónìí, ní kíláàsì ìyàwòrán, mo gbàdúrà fún ọmọbìnrin tí mò ń yà. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ojú rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó ti sunkún. Mo kí i. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tẹ́nì kan ti kí òun gbẹ̀yìn. Mo ṣe bí èmi nìkan ni wọn kì í kí!

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwòrán yíyà náà lè jẹ́ àdúrà? Mo fẹ́ wádìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá wa kí wọ́n má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ní kí wọ́n rà fún mi kí n lè padà wálé.

Kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Àbúrò yín.