Àlejò Tí A Gbé Oúnjẹ Fún Lọ́tọ̀

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kọkànlá, 2025

Audrey, ọmọ mi obìnrin, ti sọ ọ́ síta lónìí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló fẹ́ fẹ́ — Marcellin, ọmọ Faransé tó ga bí òpó iná, tó ń ṣiṣẹ́ ní Port-Gentil, ìlú elépo rọ̀bì kan ní orílẹ̀-èdè tí a ń gbé yìí. Ìyẹn ò bí mi nínú, ọmọ gidi ni. Ibi tí wọ́n fẹ́ lọ gbé ni wàhálà. Ìyá ọmọ náà ní ilé ìtura kékeré kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé. Yàrá mẹ́fà péré. Ilé tí wọ́n ti ń fi agbára omi lọ ọkà láyé àtijọ́ ni, lẹ́bàá odò. Audrey lo ìsinmi rẹ̀ níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ, kò sì tíì sinmi ìròyìn rẹ̀. Ó fi àwòrán hàn mí: àtẹ̀gùn tó wọ́, adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ẹyẹ. Àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n lè sùn síbẹ̀. Bàbá mi sá kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ tí mo rán lọ kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó. Kó wá lọ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lábúlé.

Ìyá ọkọ ń bọ̀ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé wa níbí, ní àdúgbò Nzeng-Ayong, ló máa dé sí. Mo ní kó tó padà ni màá fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kọkànlá

Ó dé nínú òjò. Antoinette lorúkọ rẹ̀. Ó kéré, ó yára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀. Ó gbé wàrà òyìnbó kan wá tó ń rùn débi pé kọ́tìnì gba òórùn. Ìyá Wàrà ni màá máa pè é nínú ìwé yìí.

A fún un ní yàrá wa. Gloria, ìyàwó mi, din ẹja ńlá, ó se ìrẹsì, ó din dòdò. A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì pálọ̀, a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, a sì yẹra kó lè jẹun ní ìrọ̀rùn. Àwa jẹ tiwa ní kíṣìnnì. Audrey fẹ́ jókòó tì í, ìyá rẹ̀ fà á lápá: ṣé ó fẹ́ máa ka òkèlè lẹ́nu àlejò ni?

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kọkànlá

Nígbà tí a fi máa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyá Wàrà ti fọ gbogbo abọ́, ó sì ti gbá ilé títí dé ẹnu géètì. Gloria tún gbogbo abọ́ náà fọ̀. Bí Gloria bá ń tún abọ́ tó mọ́ fọ̀, kí èèyàn yáa wá ibi gbà. Nígbà tó yá, ó bi mí pé ṣé ilé òun dọ̀tí ni. Mo ní bóyá iṣẹ́ ló mọ́ obìnrin náà lára. Ó ní àlejò tó bá ń gbálẹ̀ fún onílé, èébú ló ń bú onílé.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kọkànlá

Ó tún gbá a.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kọkànlá

Oúnjẹ ń padà sí kíṣìnnì bó ṣe lọ. Lónìí Gloria se ọbẹ̀ láìfi ata sí i rárá — ìyẹn nìkan tó ìròyìn — síbẹ̀ ó padà. Ó ní obìnrin yìí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wa.

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: inú mi dùn díẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ṣe mọ́, ta ló máa ní èmi ni mo kọ̀? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mo mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn ń sọ ẹbí dà. Mi ò fẹ́ kó lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kọkànlá

Ọ̀rọ̀ bẹ́ lónìí. Audrey ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Ìyá Wàrà tó ń di ẹrù, tó ń sunkún. Ó fẹ́ lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Louis kí ọmọ rẹ̀ tó ti Port-Gentil dé. Ó ní kí Audrey ṣáà sọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ wá. Nílé ìtura tirẹ̀, tábìlì kan ni gbogbo èèyàn ń jókòó sí, òun onílé náà wà láàárín wọn, tí wọ́n ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá rí i tí wọ́n gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tí wọn ò fẹ́ rí ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la sì fi gbé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, bóyá a lè fẹ́ràn òun.

Mo ní àgbẹdọ̀. Ẹni ọ̀wọ̀ là ń gbé tirẹ̀ lọ́tọ̀! Gloria jókòó, ó fọwọ́ lérí, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé e.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi Audrey pé ìwọ tó o mọ àṣà tọ̀tún-tòsì, kí ló dé tó ò là wá lóye? Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Papa, mo rò pé bí ẹ ṣe ń kọ̀ ọ́ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kúkú ń kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àwo oúnjẹ kọ́ ni mo ṣáà fi ń kọ̀ ọ́.

Sátidé, 22 oṣù Kọkànlá

A gbé tábìlì kíṣìnnì mọ́ ti pálọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dé, orúnkún rẹ̀ ò wọ abẹ́ tábìlì. Gbogbo wa jókòó. Gloria ti dá ata rẹ̀ padà sínú ọbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ìyá Wàrà jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tún bu sí i. Gloria náà fẹnu kan wàrà. Ó ní ògìrì ni wọ́n fi mílíìkì ṣe yìí, ó sì gé òmíràn. Mi ò tíì rí ìyàwó mi kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Mo wá béèrè níṣojú gbogbo wọn: kí ni ọmọ mi fẹ́ máa ṣe ní abúlé yẹn? Ìyá Wàrà ní láti oṣù yìí títí di Àjíǹde ni ilé ìtura òun máa ń wà ní títì, nítorí òtútù, ìdí nìyẹn tí òun fi ráàyè wá. Ó ní Audrey lè máa wálé lásìkò náà lọ́dọọdún, kó sì mú òun dání bí a bá fẹ́. Gloria ti ń sọ yàrá tí wọ́n máa sùn sí.

Audrey ní kí a jẹ́ kí òun dáhùn. Ó ní láti àárọ̀ dalẹ́, nọ́ńbà lòun ń kí ní ọ́fíìsì. Lábúlé yẹn, òun a jí, òun a bi èèyàn pé ṣé wọ́n sùn dáadáa, wọ́n á sì dá òun lóhùn. Mi ò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní ó dáa.

Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kò dá mi lójú rárá. Mo ní kó máa lọ.