Ọwọ́ Tí Ìyá Àgbà Kọ̀

Agbolé Àlùfáà Yaqub,
Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Fìyìnfólúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ilé-ìwé ò tíì sọ ẹ́ di igi ìṣáná? Mọ́mì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àǹtí Bùnmi ńkọ́, ṣé wọ́n ti bímọ? Àwa náà wà ńbí, Alihamdulilahi. Ara Ìyá Àgbà le koko, ẹnu wọn sì le ju ara lọ. Ìwọ ni wọ́n fi ń bú mi báyìí, pé ọ̀rẹ́ mi ará Lafiaji ti lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ilé-ìwé gíga, èmi jókòó sílé, mò ń ba bébà jẹ́.

O ṣáà mọ̀ pé èmi àti Dádì ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí. Dádì ní kò sẹ́ni tó máa gbéṣẹ́ fún ayàwòrán tí ò ní sátífíkéètì. Èmi ní àwòrán ni wọ́n máa wò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwé kan ní Obalende wá gbéṣẹ́ fún mi, pé kí n ya àwòrán sínú ìwé tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwà ọmọlúàbí, Dádì ní ó dáa. Tí wọ́n bá gba gbogbo rẹ̀, àwọn ò ní dárúkọ ilé-ìwé mọ́ láé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá ẹyọ kan padà, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n wá gba àyè tí ilé-ìwé yín fún mi.

Fìyìn, mo yàwòrán! Mo ya fèrèsé ilé àwọn Àgùdà, mo ya ewúrẹ́ tó sùn sórí àtẹ̀gùn. Ìwọ náà wò wọ́n nígbà tó o wá lo ìsinmi, ò ń ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji fún mi, o ní iṣẹ́ ńlá ni. Má gbàgbé pé o sọ bẹ́ẹ̀ o.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n kó wọn lọ, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní ní pálọ̀ kí ará ilé wá wò ó. Wọ́n ń yìn mí, mò ń yan. Ìyá Àgbà mú ọ̀kan, èyí tí ọmọ kan kúnlẹ̀, tó ń gbé omi fún bàbá àgbà. Wọ́n wò ó, wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n tún wò ó.

"Jemilat, ọmọ ta nìyí?"

Mo ní ọmọ inú ìwé ni.

"Ìyá ẹ̀ ò kọ́ ọ nílé ni? Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé omi fún àgbà!"

Yéè! Mo mú òmíràn: ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun. Mo mú òmíràn: ọwọ́ òsì ni bàbá gbé lé orí ọmọ tó ń wúre fún. Nínú gbogbo àwọn tí mo yà, kò sí ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo! Ìwé ọmọlúàbí o! Lùkúmọ̀n, àbúrò mi aláìnítìjú, rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń di pẹ́ńsù mú, Fìyìn. Òsì nìkan ló ṣẹ́kù tí mo lè máa wò yà. Lùkúmọ̀n ní kí n yí àwòrán padà lórí fóònù, òsì á di ọ̀tún. A dán an wò, gbogbo àkọlé ara ṣọ́ọ̀bù bá kọjú sẹ́yìn. Dádì kàn ń wò mí bí ẹni tó ti rí ẹrù mi nínú mọ́tò.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ jókòó fún mi. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, wọ́n ní, "Oyá, yà á." Lùkúmọ̀n di ife mú títí apá fi ro ó. Dádì náà, tó yẹ kí wọ́n máa retí pé kí n kùnà, gbé ọwọ́ lé orí Lùkúmọ̀n fún mi, wọn ò sì mira. Kò sẹ́ni tó ráàyè nílé wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣé o mọ̀ pé òrùka Ìyá Àgbà ò lè jáde mọ́, pé àtàǹpàkò wọn máa ń gbọ̀n díẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ yẹn, mi ò wò ó rí. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé eruku ni.

Ilé-iṣẹ́ gba gbogbo rẹ̀, wọn ò dá ẹyọ kan padà, wọn ò bèèrè sátífíkéètì! Mo jó wọlé. Dádì ní, "Ó dáa, o borí. Mi ò dárúkọ ilé-ìwé mọ́." Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi pé, "Dádì, mo fẹ́ lọ." Wọ́n ní ṣé orí mi pé ṣá?

Má tíì yọ̀ o! Ohun tí mo sọ ni mo ṣì ń sọ: èèyàn lè fi àwòrán jẹun láìdé ilé-ìwé, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ọmọ ilé-ìwé gan-an, ṣé o rí ọwọ́ òsì kankan nígbà tó ò ń ṣàlàyé òjìji? Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. O sọ fún mi pé lọ́dọ̀ yín, ẹ máa ń jókòó fún ara yín kí ẹ lè ya ara yín. Nǹkan tí mò ń bọ̀ wá gbà nìyẹn. Wíwo ọwọ́ ara mi nìkan ti sú mi.

Bá mi kí Mọ́mì àti Àǹtí Bùnmi. Ìyá Àgbà kí ẹ, wọ́n ní àwọn lérò pé ọwọ́ ọ̀tún lo fi gba lẹ́tà yìí. Tọ́jú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ tìẹ dè mí. Tí mo bá dé, omi ni kó o kọ́kọ́ gbé fún mi. Fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, má sì bínú tí mi ò bá tètè gbà á. Jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó borí, tó tún ń bọ̀,
Jemilat