Àwòrán Tó Ń Ṣọ́ Ìkòkò Aró

Oyèníkẹ́ ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àǹtí rẹ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Gbégamey, mo kí Sébastien ọkọ rẹ̀. Ṣé ara le, ṣé ẹ ń jẹun yó? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkun Kútọnu wá bá yín nílé. Ní tiwa, a wà. Orúnkún ń dùn mí, ewé èlú ti wọ́n, ewúrẹ́ Rasidat bí ìbejì, Rasidat sì ń fọ́nnu bí ẹni pé òun ló rọbí. Adéògún aránṣọ, ọkọ Rasidat, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní òun kò ní kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyàwó òun yẹn, mo ní kó kọ ọ́.

Mo gbọ́ pé pépà tí wọ́n ní kí n fi yan iṣẹ́ tí o máa kọ́, tí mo tẹ̀ka sí, dá wàhálà sílẹ̀ ní ilé ìwé yín. O ní ọ̀gá yín, obìnrin òyìnbó yẹn, pè ọ́ síwájú kíláàsì, ó bi ọ́ bí èèyàn kan ṣe fẹ́ jẹ́ olùkọ́, agbẹ̀bí, atẹ̀wé, aránṣọ àti ayàwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Àyè kékeré márùn-ún ló ṣófo lórí pépà yẹn. Lọ́dún tí àwọn ará kọmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, wá ka orí wa fún owó orí, àyè kan ni mo fi sílẹ̀, nígbà tí pépà fi máa padà dé, èèyàn mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí ti ń gbé nílé mi lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò fi àyè sílẹ̀ fún òyìnbó mọ́. Mo yọ ọwọ́ nínú aró, mo tẹ márààrún, mo tún tẹ ẹ̀yìn pépà.

Wọ́n ti wá fi òmíràn ránṣẹ́, wọ́n ní ẹyọ kan ni kí n tẹ̀, kó sì padà kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ló máa bá ọ yan iṣẹ́. Sébastien náà kọ̀wé. Ó ní atẹ̀wé ni kí n tẹ̀, pé ní ọ́fíìsì àwọn létí òkun, obìnrin tó ń tẹ̀wé máa ń jókòó sórí àga tó ń yí. Mo ro ọ̀rọ̀ àga náà dáadáa. Ẹni tó ń yí kiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́?

Ìwọ ní àwòrán lo fẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. O wá ya èmi fúnra mi ránṣẹ́. Ṣé báyìí ni imú mi ṣe rí? O ò sì gbàgbé kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Gèlè wọ́, ojú le bí ojú ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀. Inú bí mi, mo kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, kí oòrùn àti òjò lè pa á rẹ́.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń jí eérú tí mo ń sun fún aró. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo ti ọjà dé, mo bá igbá Rasidat nílẹ̀ nídìí ìkòkò aró, eérú ti dànù, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ó wá ń bẹ̀ mí. Ó ní òun rí mi lára ògiri tí mò ń wo òun, òun kúnlẹ̀, òun ṣàlàyé títí, mi ò dáhùn, ẹ̀rù wá ba òun. Mo ní mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, kó tún un sọ kí n mọ̀ bóyá yóò bára mu. Adéògún gbé kálámù sílẹ̀ níbí yìí, mo ní kó gbé e.

Ohun tó ń ṣọ́lé tí kì í jẹun, tí kì í sùn, iṣẹ́ gidi ni ẹni tó ṣe é ń ṣe. Mo ti tẹ̀ka sí ti àwòrán, ẹyọ kan péré. Àyè mẹ́rin tó kù ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, mo wá ní kí Adéògún fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ojú wọn pa. Sọ fún ọ̀gá yín kó má tú u.

Kí Sébastien fi owó èlú àti páálí ṣúgà kan ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àga tó ń yí tí wọn ò lò mọ́, kó fi kún un, ìkòkò méjì ni mo máa ń jókòó sí àárín wọn. Ìwọ, ya òmíràn fún ẹnu ọ̀nà. Má yọ kókó náà, Rasidat ní òun ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé èmi ni.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ojú rẹ ò ní ṣe bàìbàì, ohun tí o bá yà ni wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún.

Èmi ìyá ìyá rẹ, Ọláníkẹ́ aláró. Ìka mi nìyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí gan-an ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, kí Adéògún má baà rí àyè fi tirẹ̀ kún un.