Ilẹ̀kùn Tí Mo Gbé Wọ Ilé Onítáyà

Katriena, àbúrò mi,

Kí ara ó le ní Oudtshoorn o. Tèmi le bí irin. Má káàánú mi pé inú kàráfáànì, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, ni mò ń gbé létí òkun. Èmi tí n kò ka ìwé kọjá kíláàsì kejì, ta ló mọ ẹrù tò bí èmi? Ìkòkò wà nínú ìkòkò, aṣọ òtútù wà nínú ìrọ̀rí. Ohun tí kò bá ṣe iṣẹ́ méjì kò gbọdọ̀ wọlé mi.

O rántí ohun tí Riaan ọmọ mi sọ nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́: "Bàbá, ẹrù yín ti gba gbogbo ilé. Ẹ kó o, kẹ́ ẹ sì bá a lọ." Mo kó o. Mo yọ ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọn. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, kò sí ìwọ̀n rẹ̀ lọ́jà.

Sarie tó múlé tì mí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Gert, odidi ilẹ̀kùn nínú ilé kóńkó!" Mo ní, "Tábìlì ni lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀dì ni lálẹ́." Ó ń dun ẹ̀yìn díẹ̀, àmọ́ bí òjò bá ń rọ̀, oorun rẹ̀ dùn bí oyin.

Mo gbọ́ pé búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà ilé tí mo kúrò níbẹ̀. Bá mi kí Riaan. O kò ní láti kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Gert