Fìlà Oníwáyà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé Ọ̀wọ̀ o. Ara mi le, iṣẹ́ ìránṣọ mi náà ń lọ dáadáa.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣìnà díẹ̀ bí mo ṣe ń ti Oba Market bọ̀. Ẹ má dààmú, wọ́n mú mi délé. Ni ọmọ mi Tèmidire bá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní GRA. Wọ́n dé fìlà oníwáyà fún mi, ẹ̀rọ sì ń ka bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò dùn mí rárá, àfi pé wọn ò mọ fìlà rán.

Dókítà ní, "Bàbá, ó jọ pé ìgbàgbé lè máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tètè wá." Mo dúpẹ́ fún "tètè" yẹn.

Tèmidire, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, ní, "Dádì, ẹ kọ́ mi ní oríkì yín." Nígbà tó kọ́kọ́ fi kì mí, orí mi wú. Bí èmi ò bá rántí mọ́, ẹnìkan á ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, apá tí màmá wa máa ń kì gbẹ̀yìn, ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín,
Àkànní