Idà Bàbá Wa Kò Ní Dé Ààtàn

Ilé Torazo Oníọparun,
Ẹ̀gbẹ́ Odò Inaba,
Taketa, Oita.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1998.

Sueo, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Osaka ńkọ́? Ṣé ara ìyàwó rẹ ti le? Ṣé ikọ́ tó dà á láàmú nígbà òtútù tó kọjá kò tún padà wá? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà. Mitsuyo ìyàwó mi kí ọ púpọ̀. Èso kaki ẹ̀yìnkùlé ti pọ́n, àwọn ẹyẹ sì ń bá wa du ú. Èmi fúnra mi le koko bí ọparun tí a gé ní oṣù kọkànlá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n má fi owó ṣòfò lórí irin tó ti dípẹtà. O ní ìwọ àti Kosaku ọmọ mi ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ sì ti fẹnu kò pé kí n kó idà bàbá fún ìjọba, kí wọ́n lọ yọ́ ọ dànù. Ẹ ti fẹnu kò! Ta ló pè yín sí ìpàdé? Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, Sueo, ṣùgbọ́n èjìká yìí ló ru ọparun sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí mo fi ní ọkọ̀ akẹ́rù àti ilé alájà méjì tí ẹ máa ń wá sùn sí. N kò gba irú ìmọ̀ràn yìí kí n tó là. Ṣé ìsinsìnyí tí orí mi ti funfun ni n ó wá gbà á?

Ìwọ náà mọ̀ pé ìrántí ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n bàbá ń bọ̀ ní oṣù kejì. Lẹ́yìn èyí, ó di ara àwọn baba ńlá nìyẹn. Mo fẹ́ kí idà náà wà níwájú àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó máa dán. Ni mo bá gbé e lọ bá Kuranaga, olùpọ́n idà tó wà ní ìlú Oita. Kosaku ló wà mí lọ, ó ń kùn títí a fi débẹ̀.

Kuranaga tẹrí ba fún idà kó tó fà á yọ nínú akọ̀. Nígbà tó fà á yọ tán, ojú rẹ̀ dàbí ojú ẹni tó fẹ́ gba ìtẹríba rẹ̀ padà.

"Ọ̀gá Torazo, ta ló pọ́n ọn gbẹ̀yìn?"

"Bàbá mi ni. Òkúta tí ìyá mi fi ń pọ́n ọ̀bẹ ìdáná ló lò."

Ó mí kanlẹ̀. "Ibi tó ṣẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ojú ogun ni?"

"Ọparun ni."

Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n idà ni a ń jẹ nínú ẹran ara rẹ̀, èyí sì ti tín-ínrín jù. Bí òun bá ní kí òun pọ́n ọn títí ibi tó ṣẹ́ yóò fi parẹ́, irin líle tó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò bá a lọ, idà kò sì ní í jẹ́ idà mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí orúkọ alágbẹ̀dẹ kankan lára rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sinmi, Ọ̀gá. Ó ti kú."

Kosaku ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí?"

Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ pa ibẹ̀ rẹ́? Ẹ pọ́n ìyókù, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀."

"Háà! Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè sọ pé mo ti fọ́jú? Bí ìyàwó tuntun tí kò ní eyín iwájú ni yóò rí!"

"Eyín iwájú tèmi méjì ti lọ. Ṣé ìyàwó mi lé mi jáde?"

Wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpá náà ni a fi ń dá ẹlòmíràn mọ̀. O kéré nígbà náà, Sueo. Ìjọba ti kó gbogbo irin ilé lọ fún ogun, àdá bàbá sì bá a lọ, idà nìkan ló kù. Nígbà tí ogun parí, tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ń gba idà káàkiri, bàbá ki tirẹ̀ bọ àárín ìdì ọparun. Idà náà ló sì wá fi ń la ọparun. Agbọ̀n tó ń hun ló ń di ọ̀dùnkún lẹ́nu wa. Lọ́jọ́ kan, ó la ọparun kan tó ti ara ọgbà àtijọ́ wá, kò mọ̀ pé ìṣó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu idà ti ṣẹ́. Bàbá wò ó, ó fi apá ẹnu rẹ̀ tó kù la ìyókù. Ìwọ ń sunkún ebi lẹ́yìn ìyá.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Kuranaga. Mo ní, "Ẹ̀ ń wá orúkọ lára idà. Ibi tó ṣẹ́ yẹn ni orúkọ bàbá mi. Kò sí òkúta tí yóò pa á rẹ́ níṣojú mi."

Kuranaga mú òkúta pẹlẹbẹ kékeré kan, ó rọra fi ra ẹ̀gbẹ́ orí idà, ibi tí kò ju èékánná lọ. Ìlà funfun kan, àmì pé irin líle ẹnu rẹ̀ ṣì wà láàyè, yọ jáde lábẹ́ ìpẹtà bí ìkùukùu àárọ̀ lójú odò. Ó wò ó pẹ́. Kosaku pàápàá kò wo aago ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

"Màá ṣe é," ni Kuranaga wí. "Màá fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi Torazo ni n ó sọ pé mo ṣe é!"

Nítorí náà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìwọ náà dá mi lóhùn o: agbọ̀n bàbá tó wà ní pálọ̀ rẹ, tí etí rẹ̀ ti já, tí kò wúlò fún ohunkóhun, kí ló dé tí o kò tíì jù ú nù? Ìyàwó rẹ ní o kì í jẹ́ kí òun fi ọwọ́ kàn án. Idà yìí ló la ọparun tí a fi hun ún. Gbé e bọ̀ ní oṣù kejì. N ó gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ síwájú àwòrán bàbá, kí ẹni tó bá mọ èyí tó yẹ fún ààtàn dúró níbẹ̀, kó sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mitsuyo ní òun yóò sá kaki dè yín.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ olórí kunkun,
Torazo.