Ẹsẹ̀ Abíọ́nà Lórí Bíréèkì

Agbo-ilé wa, Èjìgbò.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1965.

Fàsílátù, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí n kò tíì fojú rí. Ṣé ara yín le lọ́hùn-ún ní Abíjáǹ? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ní tèmi, mo ń jẹun, mo sì ń jí, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Àárẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí oorun ń mú kúrò.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Wọn a kọ̀wé sí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi pé ìyá rẹ ní kí o máa bọ̀ kíákíá, bẹ́ẹ̀ ikú ìyá náà ni wọ́n ń fi pamọ́ fún un. Èmi kò lágbára àtibo nǹkan mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Àbẹ̀bí, ìyá rẹ, fi wá sílẹ̀. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Fara balẹ̀ kí o ka ìyókù, nítorí ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dé etí rẹ.

Ẹ̀rọ tépù tí o fi rán Ajíbóyè dé ọwọ́ mi. Ó ní o sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún ìyá rẹ, pé o fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ gan-an. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ọdún méje nìyí tí o ti bá ọkọ rẹ lọ láìdágbére, ọdún méje náà ni ìyá rẹ kò fi dárúkọ rẹ. Bí mo bá ní Fàsílátù kọ̀wé, yóò kọjú sí ògiri. Àìsàn sì ti wọ ìyá rẹ lára. Mo mọ̀ pé bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ lọ́sẹ̀ yẹn, ó lè má gbọ́ ọ mọ́ láéláé.

Bátìrì kéékèèké inú ẹ̀rọ náà ti yọ omi lójú ọ̀nà. Mo wá irú rẹ̀ dé Òṣogbo, n kò rí i. Wáyà kan bá a wá tí a lè fi gbaná lára mọ́tò, ṣùgbọ́n bátìrì méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ti kú. Wo rìwáyà tó ti ń tún iná mọ́tò ṣe láti ogún ọdún, kò ní iná tí yóò fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Bí o bá fẹ́, rẹ́rìn-ín.

Abíọ́nà ló gbà mí, awakọ̀ tó ń kó iṣu láti ìlú Isundunrin àti Ara lọ Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó já tírélà tí lọ́rì rẹ̀ ń fà lẹ́yìn sílẹ̀ lọ́jà, ó fi ẹ̀yìn lọ́rì wọ agbo-ilé títí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìyá rẹ. Wáyà ẹ̀rọ kò gùn tó láti dé ibi bátìrì níwájú, nítorí náà mo ní kí n gbaná lójú ihò tí tírélà fi ń gbaná lẹ́yìn ọkọ̀. Wáyà iná ẹ̀yìn ti já, Abíọ́nà kò sì tún un ṣe láti ìgbà òjò. Ti iná bíréèkì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì nìkan ni ẹ̀rọ yóò rí iná. Abíọ́nà ní kò burú, òun á jókòó, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ yín gùn?” Mo ní n kò mọ̀.

Bó ti tẹ̀ ẹ́ ni ohùn rẹ jáde. O kí ìyá rẹ, o ní o bí ọmọbìnrin. Ó kọjú sí ògiri bí ìṣe rẹ̀. O wá ní, “Ìyá mi, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé...” Ibẹ̀ ni ládàánì ti pe ìrun Alásárì. O kò mọ Abíọ́nà. Bó bá ti gbọ́ ìpè ìrun, ì báà wà láàárín igbó, yóò páàkì ni. Mo mọ ìwà yìí, n kò sì rántí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá omi àlùwàlá lọ. Ohùn rẹ fà, ó ki bí ohùn ọkùnrin, ó dákẹ́.

Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo pè é padà, àfi bí ìyá rẹ ṣe yíjú kúrò lára ògiri. Kò mọ nǹkan kan nípa bíréèkì. Ó rò pé ẹkún ló dí ọ lọ́nà ọ̀fun. Ó ní, “Fàsílátù, má sunkún. Parí ọ̀rọ̀ rẹ.” Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti foríjì ọ́ láti ọdún àkọ́kọ́, ojú ló ń ti òun láti kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó ní ọkọ rẹ kò ṣẹ òun, àìdágbére ló dun òun. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ rẹ jìnnà sí ọ bí o ṣe jìnnà sí òun. Mo jókòó, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí Abíọ́nà kírun tán, mo ṣẹ́wọ́ sí i kó má tẹ nǹkan kan, nítorí ìyá rẹ ti sùn. Lọ́jọ́ kejì ó gbéra lọ Ìbàdàn, kó tó padà dé, ìyá rẹ ti lọ. Kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ, n kò ní parọ́ fún ọ pé ó gbọ́ ọ. N kò sì mọ bí a ṣe ń gba ohùn sínú ẹ̀rọ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Ọdún méje ni mo fi dúró láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti sú mi tipẹ́, mo kàn ń pa á mọ́ra ni.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó dá ọ sí fún ọmọ rẹ, kí Ó sì jẹ́ kí ọmọ náà sin ọ́.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Mùíbì.

Ohun kan kù tí n kò fẹ́ kọ, nítorí ó ń dùn mí. Kí oorun tó gbé e lọ, ìyá rẹ bi ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì pé, “Ta ló ń bá ọ wẹ ọmọ?” Kò rí èsì. Jọ̀wọ́, kọ orúkọ obìnrin náà ránṣẹ́ sí mi. N ó lọ sọ fún un lẹ́bàá sàréè.